Ìgò méjì kò lè bọ́ hẹ́kítà àgbàdo kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Àjàṣẹ́, iṣẹ́ náà ti sú mi. Mo ti rí hẹ́kítà ilẹ̀ kan gbà lẹ́bàá Kétu tí n ó máa san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ ta maṣíìnì mi méjèèjì kí n fi gbin àgbàdo òjò àkọ́rọ̀. Ẹnì kan lórí WhatsApp ní ìgò ajílẹ̀ olómi méjì, lítà kọ̀ọ̀kan, á fún mi ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin, pé n kò ní nílò ajílẹ̀ àpò mọ́. Ṣé àárọ̀ ni kí n fín in ni àbí ìrọ̀lẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kò sí lọ́dọ̀ àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́. Ìgò yẹn gan-an ni ìṣòro. Ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi, torí owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ń ṣọ́.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Náítírójìn ni oúnjẹ tí àgbàdo ń jẹ jù nínú ilẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Kí o tó kó tọ́ọ̀nù kan, àgbàdo náà, tigi tewé tọmọ, á ti fa bíi 20 kílò rẹ̀. Tọ́ọ̀nù mẹ́rin tí wọ́n ṣèlérí, 80 kílò nìyẹn. Ajílẹ̀ olómi tó ki jù lọ, náítírójìn inú lítà kan rẹ̀ kò tó ìdajì kílò. Ìgò rẹ méjèèjì kò pé kílò kan. Níbo ni ìyókù á ti wá? Àpò Uréa kan, ajílẹ̀ oníhóró funfun yẹn, tó wọn 50 kílò, 23 kílò náítírójìn ló wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tó sinmi dáadáa lè fi díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń fún àlejò kì í sábà jẹ́ èyí tó sinmi.

Wọ́n á ní oko ẹnì kan tutù lẹ́yìn tó fín in. Ó lè tutù fún ọjọ́ díẹ̀ lóòótọ́. Lọ wo àgbàdo tí ebi náítírójìn ń pa: ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n, láti ṣóńṣó, á gba àárín ewé wá sídìí igi, etí méjèèjì á ṣì tutù. Àwọn kan á ní oòrùn ló jó o. Igi náà ló ń fa oúnjẹ inú ewé àgbà lọ bọ́ ewé tuntun. Ọmọ tó bá yọ á kéré, ṣóńṣó orí rẹ̀ kò ní ní hóró.

N kò sọ pé gbogbo olómi ni ayédèrú. Bí ilẹ̀ kò bá ní zinc tó, ìyẹn èròjà kan tí àgbàdo ń lò ní ìwọ̀nba díẹ̀, fífín zinc sí ewé máa ń ràn án lọ́wọ́. Oògùn àìsàn kan nìyẹn, kì í ṣe oúnjẹ.

Maṣíìnì ńkọ́? Má tà á. Àgbàdo á lo oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó gbẹ, ìgbà tí gbogbo Kétu bá sì ń kórè ni owó rẹ̀ ń já wálẹ̀. Kí lo fẹ́ máa jẹ? Fi ìdámẹ́rin hẹ́kítà bẹ̀rẹ̀. Kọ àdéhùn ilẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí kí o tó ṣán an. Gbin ẹ̀wà sí apá kan. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rí náítírójìn mú nínú afẹ́fẹ́. Uréa, ṣe ni kí o rì í mọ́lẹ̀, bí o bá dà á sójú ilẹ̀ lásán, afẹ́fẹ́ á gbé púpọ̀ lọ. N kò tíì fojú rí ilẹ̀ rẹ o, torí náà bi òṣìṣẹ́ ATDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, tó ń bójú tó agbègbè Kétu léèrè iye àpò tó yẹ ọ́ kí o tó náwó.

Bí o bá sì ti ra ìgò náà, ka ìwé ara rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ iye náítírójìn inú rẹ̀ síbẹ̀, má ṣí i. Gbé e padà fún ẹni tó tà á fún ọ, kí o gba owó rẹ.