Ṣé a lè lo oògùn tó ń yọ́ òkúta kíndìnrín pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òkúta tí uric acid (ẹ̀gbin kan tó ń bá ìtọ̀ jáde) dì ló ń ṣe láǹfààní fún jù. Ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n kọ́kọ́ lò fún ènìyàn ní Munich, Jámánì, lọ́dún 1980, máa ń rán ìgbì líle láti ìta ara sí òkúta títí yóò fi fọ́, láìfi abẹ la ara. Bí ó bá ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìtọ̀ á ráyè kan ibi púpọ̀ lára rẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù á sì tètè yọ́.

Oògùn náà sábà máa ń jẹ́ potassium citrate tàbí sodium bicarbonate. Ó ń dín kíkan ìtọ̀ kù, kí pH rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn; bó bá ṣe ga sí ni kíkan ṣe ń dín kù) lè wà ní nǹkan bíi 7.0 sí 7.2. Aláìsàn lè máa ti bébà àyẹ̀wò bọ ìtọ̀ nílé, kó fi àwọ̀ rẹ̀ wé èyí tó wà lára páálí. Bí pH bá ga jù, òkúta irú mìíràn tún lè dì.

Òkúta calcium oxalate, tó wọ́pọ̀ jù, kì í yọ́ báyìí, ohunkóhun tí àwọn tó ń polówó àgbo nínú ọkọ̀ Ọjọ́ọ̀ ìbáà sọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ irú òkúta tó jẹ́. Ní Ìbàdàn, ẹ lè lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ìtọ̀ ní ilé ìwòsàn UCH. X-ray lásán kì í sábà fi òkúta uric acid hàn; CT scan ń fi í hàn.

Wọn kì í lo ẹ̀rọ náà fún aláboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, tàbí ẹni tó ní àkóràn ìtọ̀ tí wọn ò tíì wò. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa kò gbọdọ̀ dá potassium citrate lò.