Ìwọ tí o fẹ́ parí ìwé rẹ kí ọdún tó yí

Àbúrò mi agùnbánirọ̀, o kú iṣẹ́ ìlú. O ní oṣù kìíní lo pinnu pé kí ọdún yìí tó yí, wàá ti parí ìtàn àròsọ tí ò ń kọ ní èdè Yorùbá. O kọ orí mẹ́ta, oṣù kẹta dé, iṣẹ́ dá dúró, kò lọ mọ́. O wá ń béèrè bóyá kí o kéde rẹ̀ lórí Facebook kí ìtìjú lè máa lé ọ níwájú, àti pé app wo ló dára láti máa fi ka iye ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá kọ lójúmọ́.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn, mo sì ti kọ ìwé méjì parí. Àwọn tó ti dá ọ lóhùn ṣáájú mi ń sọ pé o ò kóra rẹ níjàánu tó. Má gbà fún wọn. Ẹni tó ń jí ní ìdájí lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìlú tí kò dé rí, tó ń fi owó táṣẹ́rẹ́ gbọ́ bùkátà, ìkóra-ẹni-níjàánu wo ló tún kù tí kò ní? Ohun tó ń pa ìwé sójú ọ̀nà, mo mọ̀ ọ́n. Díẹ̀ ló kù kó pa tèmi.

Nígbà tí ìwé mi àkọ́kọ́ dé orí kẹrin, mo gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan níbí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwé Yorùbá níbẹ̀ kà á, ó ní ó dùn. Ó ní tí mo bá mú ìyókù wá kí oṣù kẹfà tó tán, wọn á tẹ̀ ẹ́ jáde kí ọdún tó parí. Bí mo ṣe sọ ọ́ di àfojúsùn ọdún mi nìyẹn: ìwé mi á jáde lóṣù kejìlá. Mo ń kọ lóru, mo ń kọ lásìkò ìsinmi ọ̀sán, mo ń kọ nígbà tí mo bá ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣèdánwò. Ilẹ̀ oṣù kẹfà kò ṣú tí mo fi gbé e dé iwájú rẹ̀.

Àbúrò, ojú mi rí màbo. “Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dé, wọn á ní ọ̀gá wà ní ìpàdé. Mo mọ bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo mọ ibi tó ti ya, tí í máa ń fa aṣọ. Ìgbà tí mo rí i, ó ní kí n yọ orí tí bàbá inú ìtàn náà ti lọ dífá, pé àwọn tó ń ra ìwé fún ilé ẹ̀kọ́ máa ṣàròyé. Mo yọ ọ́. Ó ní ìwé wá kéré jù báyìí. Mo lọ kún un. Ó tún gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò mí lójú, ó ní, “Mà, ta ló tiẹ̀ ń ka Yorùbá mọ́?” Àwọn ìwé Yorùbá tí àwọn ọmọ fi ń ṣe wáẹ̀kì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, wọ́n ga dé àyà rẹ̀. Àwọn ni wọ́n fi ń san owó oṣù rẹ̀. Títí di òní, tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, inú mi a máa ru.

Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé ọ̀gá yẹn lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ bi mí pé, “Ìwé wo?” Wọn ò rí èyí tí mo tẹ̀ sórí bébà. Wọ́n wá ṣí èyí tí mo fi ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà wọn: gbogbo ibi tí lẹ́tà bá ti ní àmì lókè tó sì tún ní àmì nísàlẹ̀, àpótí kékeré òfìfo ló wà níbẹ̀. Àwọn àpótí yẹn pọ̀ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan débi pé ohun tó kù kò ṣeé kà. Kàkà kí wọ́n ní kọ̀ǹpútà àwọn ni kò ní irú lẹ́tà (font) tó yẹ, wọ́n ní èmi ni kí n lọ tún un tẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nínú gbogbo èyí ni pé ní gbogbo àsìkò tí mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ yẹn, mi ò kọ ìlà tuntun kan. Àyè wà o. Iná ìjọba pàápàá wà nígbà mìíràn. Mo lè jókòó, kí n kọ gbólóhùn kan, kí n pa á rẹ́, nítorí mò ń bi ara mi bóyá ọkùnrin yẹn á fara mọ́ ọn. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni àfojúsùn mi wà. Kò sí bí mo ṣe lè jíhìn fún ara mi lórí ohun tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ẹlòmíràn. Kí wọ́n tẹ ìwé, kí wọ́n gba ẹ̀bùn, kí èèyàn púpọ̀ fẹ́ràn rẹ̀, má kọ ọ̀kankan nínú wọn sílẹ̀ fún ọdún rẹ. Ojú ìwé tí ọwọ́ rẹ lè kọ ni kí o kọ sílẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: tí ilé ìtẹ̀wé kan bá ní kí o sanwó kí wọ́n tó ka iṣẹ́ rẹ, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò níbẹ̀. Tí o bá sì ń fi fóònù tẹ̀ ẹ́, fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí í-meèlì ara rẹ ní gbogbo ìgbà tí o bá kọ nǹkan. Fóònù ń jábọ́, wọ́n sì ń jí i nínú ọkọ̀. Má ṣe lo àwọn irú lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n máa ń gbé kiri nínú fúláàṣì. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó wà nínú Gboard tó fún ọ.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onísẹ́mínà náà ń kọ́? Mo sanwó wọ ọ̀kan nínú ilé ìtura kan. Ọkùnrin náà ní ká máa kọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ lójúmọ́, ó ní ká wo bí Anthony Trollope, òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba ayé ọjọ́un, ṣe ń ṣe. Òótọ́ ni pé òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni Trollope, tó sì máa ń wà nídìí tábìlì rẹ̀ ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Á gbé aago síwájú, á kọ 250 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà ló ń lọ síbi iṣẹ́. Ó tún ní ìwé kan tó pín sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, tó ń kọ iye ojú ìwé ojoojúmọ́ sí. Gbogbo èyí ni ọkùnrin náà sọ fún wa. Ohun tí kò sọ ni pé Trollope ní bàbá àgbàlagbà kan tó ń bá a tọ́jú ẹṣin, ó sì ń san £5 lé owó rẹ̀ lọ́dọọdún kó lè máa wá jí i láàárọ̀, kó sì gbé kọfí wá. Trollope fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bóyá ni ẹnikẹ́ni wà tí òun jẹ ní gbèsè ọpẹ́ lórí àṣeyọrí òun tó bàbá yẹn. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń yọ kúrò nínú ìtàn náà, tí wọ́n á wá fi aago nìkan sílẹ̀ fún wa.

Ọ̀rọ̀ kíkà pàápàá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kọ “ní ilé”, ẹ̀rọ á ka méjì; kọ “nílé”, á ka ẹyọ kan. Gbólóhùn kan náà, ìwọ kan náà lo kọ ọ́. Fi àmì ohùn kún un, tí o ní láti fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta lórí lẹ́tà kan, kí o wá wo ibi tí agogo á ti bá ọ kí ẹgbẹ̀rún tó pé. Àwọn kan ní ilé ẹ̀kọ́ wa náà gbìyànjú NaNoWriMo, ìyẹn 50,000 ọ̀rọ̀ láàárín oṣù kọkànlá. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1999, àjọ tó ń ṣètò rẹ̀ sì kéde ní 2025 pé àwọn ń kógbá sílé. Oṣù kọkànlá! Àárín gbùngbùn táàmù àkọ́kọ́, tí tẹ́ẹ̀sì àwọn ọmọ wà nílẹ̀ tí a ò tíì máàkì. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó parí rẹ̀, wọ́n sì gbà pé àwọn kì í ṣe òǹkọ̀wé.

Ọdún kò rí bákan náà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Mú kàlẹ́ńdà rẹ. Wo ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò wà, wo àsìkò ààwẹ̀ tí o bá ń gbà á, wo oṣù kejìlá tí ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe kò ní jẹ́ kí o rójú. Má ka ojú ìwé kankan sí àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn lọ́rùn. Kọ “ìsinmi” síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà dà bíi pé o jẹ gbèsè. Ìwọ tún ní POP níwájú: ọjọ́ tí o bá sìnrú ìlú tán, ilé á yí padà, iṣẹ́ á yí padà. Fi oṣù yẹn náà sílẹ̀.

Ohun tó gba ìwé mi là ni Màmá kan ní àdúgbò wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́. Ó gbọ́ pé mò ń kọ ìtàn, ó ní kí n wá kà á fún òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ìgbà tí mo bá ń kà, á ti jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú rẹ̀, á di ojú, ọwọ́ á máa lu apá àga níbi tó bá dùn mọ́ ọn. Níbi tí kò bá dùn, á la ojú, á ní, “Irọ́ ni, obìnrin kan ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún orogún rẹ̀.” Tí Ọjọ́bọ̀ bá kọjá tí mi ò yọjú, á rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí mi: “Ìyá ní Àdùkẹ́ ti bí àbí kò tíì bí?” Àdùkẹ́ yìí, inú ìwé mi ló wà. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ náà? Mo ní láti lọ mú kó bí.

Màmá kò bi mí rí iye ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Ohun tó kàn ló fẹ́ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún I. B. Thomas, tó ń tẹ ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ní 1929 sí 1930, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń gbé lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin gidi ni, wọ́n ń kọ lẹ́tà wá. Ta ló máa ní àwọn èèyàn tó ń retí báyìí tó máa dá kálàmù dúró?

Nítorí náà, wá ẹnì kan tó fẹ́ràn ìtàn, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tí kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ìyá onílé rẹ lè ṣe é. Tí o bá wá rí òǹkọ̀wé méjì mìíràn ní ọjọ́ CDS, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ̀yin agùnbánirọ̀ ń pàdé fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹ ṣe é bíi àáró: ọ̀sẹ̀ yìí ẹ gbọ́ ti ẹnì kan, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ lọ sórí ti ẹlòmíràn. Ẹ má ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Mo ti wà nínú àwọn gúrúùpù WhatsApp tí èèyàn pọ̀ sí. Àtàǹpàkò ni gbogbo wọn ń fi ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í ka ohun tí o kọ.

Ní ti Facebook, má kéde. Àwọn èèyàn á kí ọ kú oríire lọ́jọ́ náà, inú rẹ á sì dùn bíi pé o ti kọ ọ́. Tí o bá fẹ́ gbé nǹkan síbẹ̀, orí kìíní tó ti parí ni kí o gbé. Ẹni tó bá béèrè orí kejì lọ́wọ́ rẹ, fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́. App yẹn, èyí tó bá wà lórí fóònù rẹ ti tó. Ìwé eléwé ọgọ́ta ni mò ń lò, mo sì máa ń kọ déètì sí òkè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.