Kí ló dé tí géèmù ṣì ń fà lẹ́yìn tí mo fi káàdì gráfíìsì RTX 3060 sí kọ̀ǹpútà mi?

O ní Ìkòròdú lo wà, pé tòkunbọ̀ lo ra káàdì náà, àti pé FPS rẹ (iye àwòrán tí géèmù ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kò kọjá 25. Jọ̀ọ́, má tíì dá ẹni tó tà á fún ọ lẹ́bi. Yẹ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wò ná: ibo lo ti wáyà HDMI, èyí tó ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀, bọ? Bó bá jẹ́ ara mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà), nítòsí ojú USB, a jẹ́ pé gráfíìsì kékeré inú CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ló ń ṣe iṣẹ́ géèmù, káàdì tó o náwó lé lórí kàn jókòó lásán ni. Yọ ọ́, kí o tì í bọ ojú HDMI tó wà lára káàdì fúnra rẹ̀. Mo ti rí i lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìgbógbó. Wáyà yẹn nìkan ni gbogbo wàhálà.

Bí ìyẹn bá dára, ṣí Task Manager, ojú ìwé Windows tó ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, nígbà tí géèmù ń lọ. Tí ooru GPU (ọpọlọ káàdì gráfíìsì) bá ti ń kọjá 83°C, káàdì á máa dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Eruku ọ̀nà wa kò kéré, nítorí náà pa iná, di abẹ̀bẹ̀ káàdì náà mú kó má yí, kí o fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Bó bá jẹ́ CPU ló wà ní 100% tí GPU ò sì tó 60%, CPU ló ń fà á sẹ́yìn. RAM (mẹ́mórì kọ̀ǹpútà) ẹyọ kan ṣoṣo náà máa ń fà á sẹ́yìn. Ẹyọ méjì ló dáa. NVIDIA, ilé iṣẹ́ tó ni RTX 3060, sì ní kí páwà sọ́pláì (àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà níná) tó 550W.