Èsì: ẹsẹ̀ Màmá tó ń ta bí ata lóru

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ẹ ní wọ́n ní àtọ̀gbẹ, ẹsẹ̀ sì ń ta wọ́n bí ata lóru. Parasítámọ̀ àti Ibuprofen tí ẹ ní kò ràn wọ́n kò lè ràn wọ́n, torí iṣan ìmọ̀lára ni àtọ̀gbẹ bà jẹ́. Ẹ tilẹ̀ dá Ibuprofen yẹn dúró, kíndìnrín alátọ̀gbẹ kò fẹ́ ẹ.

Ẹ bi dókítà nípa Amitriptyline, oògùn tó ń dẹ ìrora iṣan ìmọ̀lára. Mílígíráàmù 10 lálẹ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bí àrùn ọkàn bá wà, tàbí tí ìtọ̀ máa ń há wọn, kò yẹ wọ́n. Nígbà náà, ẹ béèrè Pregabalin, oògùn mìíràn fún ìrora yìí, kí wọ́n sì yẹ kíndìnrín wò ná.

Kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bàbá mi da tiwọn nù lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní oorun lásán ló ń kun àwọn! Nígbà tí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tó lè fi aṣọ bo ẹsẹ̀ sùn.

Omi gbígbóná tí ẹ ní Màmá ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ooru mọ́ á bó kí wọ́n tó fura. Lálaalẹ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn àti àárín ọmọ ìka.