Ẹ bi oní-mọ́tò léèrè: Gíà tí wọ́n pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó ṣì ń gbá gbì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. RAV4 2002 ni mò ń lò, gíà ọ́tò. Láàárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde kò sí wàhálà rárá, àmọ́ tí mo bá ti rìn láti Akóbọ̀ dé Ìwó Road báyìí, tí ara ẹ̀ ti gbóná, gíà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gbì! gbì! tó bá fẹ́ kúrò ní one bọ́ sí two. Iná éńjìnì náà tàn. Mẹkáníìkì mi ní gíà ti kú, a lọ ra tòkunbọ̀ ní Araromi, ó ṣe dáadáa fúngbà díẹ̀ ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba ìyẹn padà, wọ́n fún wa ní òmíì, ìyẹn náà ń ṣe bákan náà. Wọ́n tún wá ní ká ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ gbà mí o, owó ti tán lọ́wọ́ mi. — Olùkàwé, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má ra gíà kankan mọ́, ẹ fi owó yín sápò ná. Gíà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ (mo ka èyí tó bá mọ́tò wá mọ́ ọn) wáá ní àrùn kan náà, gbogbo wọn ń gbá gbì ní one sí two, àfi tí mọ́tò bá gbóná? Ohun tí wọn ò tíì pààrọ̀ nínú gbogbo ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n lọ mú, ìyẹn bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí éńjìnì àti gíà.

Kì í ṣe mọ́tò yín nìkan. Àwọn RAV4 2001 sí 2003, wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ ọn, bíréènì bọ́ọ̀sì wọn máa ń ṣe gíà báyìí gan-an, débi pé Toyota fúnra wọn ní Amẹ́ríkà sún wáráǹtì bọ́ọ̀sì yẹn sí ọdún 10 tàbí 150,000 máìlì, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Àsìkò yẹn ti kọjá tipẹ́, ta ló sì ń fún tòkunbọ̀ ní wáráǹtì tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń fi gíà ṣiṣẹ́ jẹun mọ̀ nípa ẹ̀ kó tó ní kí èèyàn lọ ra gíà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ọ́ìlì ló ń ti klọ́ọ̀ṣì inú gíà ọ́tò (àwọn àwo tó ń dì mọ́ra kí gíà tó wọlé), sólẹ́nọ́ìdì ló ń ṣílẹ̀kùn fún ọ́ìlì náà, bíréènì bọ́ọ̀sì ló sì ń fi iná ránṣẹ́ sí sólẹ́nọ́ìdì pé ó yá, ṣí i, ó yá, tì í. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ojú lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù máa ń sán bó bá ti pẹ́. Tó bá tutù, ó ṣì di ara ẹ̀ mú, tó bá gbóná, ó yà, iná á já, gíà á wọlé nígbà tí kò yẹ, ẹ̀yin á gbọ́ gbì.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ́ìlì, torí mi ò mọ ohun tí àwọn tó sọ gíà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bù sí i. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó ti gbóná dáadáa, éńjìnì kó máa ṣiṣẹ́, ẹ tẹ búréèkì, ẹ gbé ọwọ́ gíà láti P lọ sí R, sí N, sí D títí dé L, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a padà sí P. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í wọlé tán pátápátá, ẹ wá fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà kejì yẹn lẹ máa kà. Àárín àmì HOT ló yẹ kó wà. Tó bá kéré, ó ń jò níbì kan ni, torí gíà kì í jẹ ọ́ìlì. Ẹ kán díẹ̀ sórí tíṣù funfun: tó bá pupa, ó dáa, tó bá dúdú tó sì ń rùn bí nǹkan tó jóná, klọ́ọ̀ṣì ti ń jẹ nìyẹn. T-IV ni ọ́ìlì ẹ̀ o, kì í ṣe èyí tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣáà ti rí nínú kẹ́ẹ̀gì. Tẹ́ ẹ bá tú u, bíi lítà 3.5 péré ló máa jáde, ìyókù wà nínú torque converter (ìkòkò tó so éńjìnì mọ́ gíà), ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tú u, kí wọ́n wà á fún ọjọ́ mélòó kan, kí n tún tú u. Ẹ wọn èyí tó jáde, iye yẹn náà lẹ máa bù padà.

Tí ọ́ìlì bá ti dáa, ẹ pe rẹ́wáyà tó ní síkáànà gidi, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe tí bíréènì bọ́ọ̀sì kọ pa mọ́. Ó ṣeé ṣe kó rí kóòdù P0750, P0753, P0755 tàbí P0758. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà, wọ́n á rí orúkọ sólẹ́nọ́ìdì, wọ́n á sáré lọ ra sólẹ́nọ́ìdì, kóòdù á padà wá lọ́jọ́ kẹta. Ohun tí kóòdù ń sọ ni pé nǹkan ò lọ dédé lójú ọ̀nà sólẹ́nọ́ìdì yẹn, kò sọ pé òun gan-an ló bàjẹ́. Kó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì orí gíà, kó fi mítà wọn sólẹ́nọ́ìdì láti ibẹ̀, kó tẹ̀ lé wáyà dé bíréènì bọ́ọ̀sì. Tí sólẹ́nọ́ìdì bá pé, tí wáyà ò já, tí ò sì kan ara wọn, ẹ ti mú olè, bíréènì bọ́ọ̀sì ni.

Ẹ lè gbé e fún oní-bọ́ọ̀dù tó mọṣẹ́ kó jó lẹ́ẹ̀dì ẹ̀ tuntun, èmi náà ti rí èyí tó dáhùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíì, ẹ gbé ti inú mọ́tò yín dání, kí nọ́ńbà ara méjèèjì bára mu, ẹ sì mọ̀ pé tòkunbọ̀ ọdún kan náà lè ní àrùn kan náà o. Ẹ má fi falẹ̀ ṣá, bọ́ọ̀sì tí ò dáa á jẹ gíà tó wà níbẹ̀ báyìí náà.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Honda Accord 2004 ni tèmi. Tí mo bá wo géèjì ọ́ìlì gíà, lónìí ó pọ̀, lọ́la ó kéré, mi ò mọ èyí tí mo máa gbàgbọ́. D tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù náà wáá ń ṣẹ́jú. — Olùkàwé obìnrin, Agége

Ìdáhùn: Àǹtí mi, bí wọ́n ṣe ń wo Toyota lẹ ń wo Honda, àbí? Ti Honda yàtọ̀ pátápátá. Ẹ wà á títí á fi gbóná, tí fáànù rédíétọ̀ á ṣiṣẹ́, ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ pa éńjìnì, kẹ́ ẹ wá wò ó láàárín ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90, kó má pẹ́ jùyẹn lọ. DW-1 ni ọ́ìlì tó rọ́pò Z1 àtijọ́.

D tó ń ṣẹ́jú yẹn, bíréènì bọ́ọ̀sì ti kọ kóòdù pa mọ́ ni, ẹ síkáànù ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ gíà yín kalẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo àwọn pírẹ́ṣọ̀ síwíìsì (àwọn síwíìsì tó ń wo agbára ọ́ìlì gíà) tó wà lára gíà níta, wọ́n kéré, sípánà nìkan ni wọ́n fi ń tú wọn, wọ́n sì máa ń kú dáadáa.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì gíà Camry mi ti di bíi yógọ́ọ̀tì pupa fẹ́ẹ́rẹ́, omi rédíétọ̀ sì ń dín kù. Ṣé mo lè wà á lọ Abẹ́òkúta kí n tó tún un ṣe? — Olùkàwé, Ṣágámù

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò, má wà á lọ síbì kankan. Páìpù ọ́ìlì gíà ń gba inú rédíétọ̀ lọ kó lè tutù, ibẹ̀ ló ti lu, omi ti wọ gíà, omi yẹn á sì máa tú gọ́ọ̀mù tó di ojú klọ́ọ̀ṣì mú. Fi ọkọ̀ fà á lọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, pààrọ̀ rédíétọ̀ lọ́jọ́ náà, tú ọ́ìlì títí á fi pupa mọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí gíà bá ti ń yọ̀ kó o tó ṣe gbogbo èyí, má wulẹ̀ náwó lórí ọ́ìlì mọ́, gíà míì ló kù, àmọ́ rédíétọ̀ tuntun ni kó kọ́kọ́ wọlé ṣáájú ẹ̀.