Ẹ Bi Wá, Ẹ Ó Gbọ́: Kí ló ṣe Calgary Flames ní sáà 2022-23?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Calgary ni mo wà ní Kánádà, Ìbàdàn la ti kó wá síbí ní 2021. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin ló kó họ́kì orí yìnyín ràn mí, ó dé ilé-ìwé níbí, gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń wọ jẹ́sì pupa Flames, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀, lèmi náà bá jókòó tì í nídìí tẹlifíṣọ̀n. Sáà àkọ́kọ́ tá a wò dùn bí oyin. Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi ṣe? Ọmọ yẹn sunkún lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n já. Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí o, àmọ́ a ò tíì yé jiyàn lé e lórí nílé, ó ní Huberdeau, agbábọ́ọ̀lù tuntun tí wọ́n mú wá, ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, pé owó ló bá wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
*Bàbá ọlọ́mọ, Calgary*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí i dáadáa, ẹkún ẹ̀ ò burú rárá, oorun ò kun èmi náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. April 10, 2023 ni. Nashville Predators ló wá bá wọn nílé ní Saddledome, wọ́n gbá ọ̀mì 2-2, ọ́fàtáìmù ò yanjú ẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pẹ́náritì bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni Flames ti pàdánù tí ọ̀nà ìdíje àṣekágbá sì dí mọ́ wọn pátápátá. Ó ku eré kan ṣoṣo kí sáà parí.

Kí n tó dáhùn ọ̀rọ̀ Huberdeau, ẹ jẹ́ ká padà sí sáà tẹ́ ẹ ní ó dùn bí oyin yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Nínú eré 82 tí wọ́n gbá ní 2021-22, 50 ni wọ́n jáwé olúborí, wọ́n ní point 111, àwọn ló ṣáájú ní Pacific, ìyẹn ìpín tí wọ́n wà nínú líìgì. Àwọn mẹ́ta kan wà níwájú, Johnny Gaudreau, Matthew Tkachuk àti Elias Lindholm, Gaudreau gbá góòlù 40 wọlé, àwọn méjì tó kù gbá 42, 42. Ẹ ronú sí i, ẹni mẹ́ta lórí ìlà kan náà! Gaudreau yìí náà ló gbá góòlù tó lé Dallas lọ sílé nínú ọ́fàtáìmù eré keje tí wọ́n jọ gbá nínú ìdíje àṣekágbá. Lóòótọ́ Edmonton, aládùúgbò tí wọn ò fẹ́ rí sójú, nà wọ́n lẹ́yìn ìyẹn láàárín eré márùn-ún, àmọ́ gbogbo èèyàn ló gbà pé ẹgbẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Àfi bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe dé tí gbogbo ẹ̀ tú. Kọ́ńtírààtì Gaudreau parí, ó kó lọ sí Columbus ní July 13, 2022. Ó wu ẹ̀ kó sún mọ́ ilé, ọmọ New Jersey ni, n ò sì ní bá ẹnikẹ́ni bú u lórí ẹ̀, pàápàá ní báyìí tó ti di olóògbé: August 29, 2024 ni ọkọ̀ gbá òun àti àbúrò ẹ̀ Matthew lórí kẹ̀kẹ́ tí àwọn méjèèjì sì kú, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Tkachuk náà sọ fún wọn pé òun ò ní buwọ́ lùwé ọlọ́jọ́ gígùn. Kó má baà lọ lọ́fẹ̀ẹ́ bíi ti ẹnìkejì ẹ̀, wọ́n yáa fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Florida Panthers ní July 22, Florida kó Jonathan Huberdeau àti MacKenzie Weegar fún wọn pẹ̀lú ọmọdé kan àti ànfààní láti mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ipele àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ bá ń yan àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Lóṣù August wọ́n tún gba Nazem Kadri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife Stanley, ife líìgì wọn, pẹ̀lú Colorado, ọdún méje, mílíọ̀nù 49 dọ́là. Gbogbo wa patẹ́wọ́ fún Brad Treliving tó jẹ́ mánéjà wọn nígbà náà, ẹni tó ń mú agbábọ́ọ̀lù wá, kì í ṣe kóòṣì. Èèyàn pàdánù irú ẹni méjì bẹ́ẹ̀, kó tún rí irú àwọn wọ̀nyí kó jọ láàárín oṣù kan, a rò pé ó parí iṣẹ́ ni.

Ó dára, Huberdeau. Ní sáà tó gbẹ̀yìn ní Florida, point 115 ló ní, góòlù tó gbá àti èyí tó fún ẹlòmíì gbá papọ̀, iye kan náà pẹ̀lú Gaudreau. Nígbà tó dé Calgary, 55. Ìyàtọ̀ 60! Kò tíì sí agbábọ́ọ̀lù kankan nínú ìtàn NHL, líìgì họ́kì tí wọ́n wà, tí tiẹ̀ já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti sáà kan sí èkejì. Mo mọ̀ pé ohun tí ọmọ yín ń rí nìyẹn, kò sì purọ́. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún un pé ọkùnrin yẹn ò tọrọ kí wọ́n gbé òun kúrò ní Florida. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un ní 2011 nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ó kàn gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan pé wọ́n ti fi òun pààrọ̀ ẹlòmíì ni. Ti owó ńkọ́? Mílíọ̀nù 84 dọ́là fún ọdún mẹ́jọ, lóòótọ́ owó ńlá ni, àmọ́ Flames ló gbé e síwájú ẹ̀, wọ́n sì buwọ́ lù ú lóṣù August kó tó wọ jẹ́sì wọn gbá eré kan ṣoṣo. Ta ló máa ní òun ò gbà?

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni Darryl Sutter tó jẹ́ kóòṣì. Àgbà kóòṣì ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló gba ife Stanley pẹ̀lú Los Angeles Kings, ní 2012 àti 2014, ní 2022 gan-an òun ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ kóòṣì tó dára jù. Eré tiẹ̀ le, ó ní kí wọ́n dí ọ̀nà, kí wọ́n forí gbárí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wọ́n má ṣe àṣejù. Eré Huberdeau ní tiẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń jó, àyè ló ń fẹ́, kó gbé pọ́ọ̀kì, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, sáré, kó wo ọ̀tún kó fi fún ẹni tó wà lósì. Àwọn méjèèjì ò bára mu, gbogbo èèyàn sì rí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ kékeré yẹn, Jakob Pelletier, tó gbá eré àkọ́kọ́ ẹ̀ ní January 2023, tí wọ́n bi Sutter pé báwo ni ọmọ náà ṣe ṣe sí, tó kàn mú ìwé eré tó béèrè pé nọ́ḿbà wo lọmọ náà wọ̀. Lójú gbogbo ayé! Ọjọ́ ayọ̀ ọmọ nìyẹn o. Nígbà tí mo rí ìyẹn ni mo mọ̀ pé inú yàrá tí wọ́n ti ń wọ jẹ́sì ò tòrò.

Ẹ wá wo asọ́lé wọn, Jacob Markstrom. Ní sáà tó dùn yẹn, tí wọ́n bá gbá pọ́ọ̀kì 1000 sí i, 922 ló máa mú. Sáà kejì, 892. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ góòlù 30 ló tún wọlé sí i yẹn lórí 1000, ẹgbẹ́ tó sì jẹ́ pé góòlù ẹyọ kan ẹyọ kan ni wọ́n fi ń pàdánù, báwo ló ṣe fẹ́ là á já? Wọ́n wà lára àwọn tó ń gbá pọ́ọ̀kì sílé ọ̀tá jù ní gbogbo líìgì, kò kàn wọlé ni, tàwọn ọ̀tá sì ń wọlé. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, bí sáà yẹn ṣe bọ́ nìyẹn, kò sí alẹ́ kan tẹ́ ẹ máa nawọ́ sí pé ibí ló ti bà jẹ́.

Ọ̀run ń ya bọ̀ kì í ṣọ̀rọ̀ ẹnìkan, ẹ̀gbọ́n. Àwọn olórí ló tú ẹgbẹ́ tí ara ẹ̀ ti mọ ara, wọ́n rò pé point 115 tó lọ àti point 115 tó dé, nǹkan kan náà ni. Àwọn fúnra wọn náà kó lọ: Treliving fi ipò ẹ̀ sílẹ̀ lóṣù April, wọ́n lé Sutter ní May 1, nígbà tí kọ́ńtírààtì tuntun tí wọ́n fún un ò tíì bẹ̀rẹ̀. Huberdeau ló kù sílẹ̀ tó ń gba èébú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn bá wọn bú u.

Ìbéèrè: Ẹ ṣàlàyé fún àwa tá a wà nílé o. Mo rí i kà pé Flames yẹn pàdánù eré 17 tí wọ́n sì gba point níbẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń pàdánù tí wọ́n á tún fún un ní nǹkan?
*Òǹkàwé, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Bí òfin NHL ṣe wà nìyẹn. Tó o bá jáwé olúborí, point méjì. Tó o bá pàdánù láàárín 60 ìṣẹ́jú, òdo. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jọ gbá ọ̀mì dé òpin tó jẹ́ pé nínú ọ́fàtáìmù tàbí ìgbá lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti nà ẹ́, wọ́n á fún ẹ ní ẹyọ kan. Flames jáwé olúborí nínú 38, wọ́n pàdánù 27 gbáko, 17 tó kù ló jẹ́ irú ẹlẹ́yọ kan yẹn. Ẹ ṣírò ẹ̀: 93. Winnipeg tó gba àyè tó gbẹ̀yìn nínú ìdíje àṣekágbá ní 95. Nínú 17 yẹn, ká ní mẹ́ta péré ló yí sí ọwọ́ wọn, 96 ni wọn ì bá ní. Mẹ́ta péré o! Ó kù díẹ̀ káàtó ló pa wọ́n. Ní 2024-25 ó tún ṣẹlẹ̀, wọ́n ní 96 lóòótọ́, St. Louis náà ní 96, wọ́n wá fi iye eré tí kálukú borí láìdé ọ́fàtáìmù ya àwọn méjèèjì, Flames ló tún jókòó sílé.

Ìbéèrè: Wọ́n ní Iginla tó gbá fún Flames, orúkọ tiwa ni. Ṣé òótọ́ ni àbí àwọn èèyàn kàn ń fa olókìkí mọ́ra?
*Ìyá Ìbejì, London*

Ìdáhùn: Òótọ́ pọ́ńbélé ni, mà. Jarome Iginla, wọ́n bí i ní Edmonton ní July 1, 1977, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá ẹ̀, Adékúnlé ni bàbá yẹn ń jẹ́ kó tó dé Kánádà tó sọ ara ẹ̀ di Elvis. Jarome náà ní Adékúnlé láàárín orúkọ ẹ̀. Ìyá ẹ̀ wá láti Oregon ní Amẹ́ríkà.

Òun náà sì mọ irú sáà tí bàbá Calgary lókè yẹn ń sọ. Ní 2001-02 ó gbá góòlù 52, ó ní point 96, kò sẹ́ni tó ju tiẹ̀ lọ nínú méjèèjì ní gbogbo NHL, síbẹ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ ò wọ ìdíje àṣekágbá. Ní 2004 ó kó wọn dé fáínà, eré keje, Tampa Bay gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ife Stanley ẹyọ kan tí Flames ní, 1989 ni, Iginla ò gba ọ̀kan títí tó fi fẹ̀yìn tì, ohun tó sì máa ń dùn mí nìyẹn tí mo bá rántí ẹ̀. Góòlù 625 ló gbá, wọ́n dìbò mú un wọ ilé àwọn akọni họ́kì ní 2020. Craig Conroy tó máa ń gbá láàárín fún un nígbà yẹn ni Flames fi ṣe mánéjà lẹ́yìn tí sáà 2022-23 tú ká, kò pẹ́ tí Conroy pe Iginla wá kó máa gba òun nímọ̀ràn. Ọmọ ẹ̀ Tij náà ti ń bọ̀, òun ni ẹnìkẹfà tí wọ́n mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní 2024, Utah ló mú un.

Bàbá Calgary, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún mú ọmọ yẹn lọ sí Saddledome, ẹ ní kó gbójú sókè òrùlé, nọ́ḿbà 12 wà níbẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ láti March 2019. Ẹ ní kó ka orúkọ abẹ́ ẹ̀ síta, kó pè é bí a ṣe ń pè é nílé: Igi ńlá.