Ìbéèrè Yín: Ta Ni A Ṣẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé wa ní ọjọ́ Àìkú kan tí a ti ìsìn dé, n kò sì tíì rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn fún un. Ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ti ara rẹ̀, pé ohun tí àwùjọ bá ti kọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àti pé bí àwùjọ bá yí ọkàn padà, ẹ̀ṣẹ̀ náà á di ohun ẹ̀yẹ. Ìtàn ìdílé wa gan-an ló fi ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí bàbá bàbá mi fẹ́ ṣe ìrìbọmi ní nǹkan bí ọdún 1938, ìyàwó méjì ló wà nílé wọn, ìjọ sì sọ fún wọn pé àfi kí wọ́n mú ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kí èkejì máa lọ. Ìyá bàbá mi, tó jẹ́ ìyàwó kejì, ni wọ́n jẹ́ kó lọ. Aláró ni ìyá náà. Wọ́n ru àpótí wọn, wọ́n pọn bàbá mi tó jẹ́ ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìkòkò aró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé kò ṣe é gbé. Méjì nínú wọn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, adìyẹ ń mu omi òjò nínú wọn. Ní ìkórè ọdún tó kọjá, olóyè kan tó ní ìyàwó mẹ́ta ni ìjọ yìí kan náà fi ṣe alága, àlùfáà sì gbàdúrà fún òun àti àwọn ìyàwó náà níwájú pẹpẹ. Ọmọ mi ní kí n sọ fún òun: nígbà wo gan-an ni ìyàwó kejì kúrò ní ẹ̀ṣẹ̀? Kí ni kí n dá a lóhùn? Èmi ni Ìyá Akọrin, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun, Ìyá Akọrin. Bóyá ẹ fẹ́ kí n bá ọmọ yín wí, ṣùgbọ́n n kò ní bá a wí, nítorí ó rí ohun kan tí ọ̀pọ̀ àwa àgbà ti rí tí a sì gbójú kúrò. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó so ohun méjì pọ̀ tí Yorùbá kò sọ ní orúkọ kan náà.

Ọ̀kan ni èèwọ̀. Èèwọ̀ a máa yàtọ̀ láti agboolé dé agboolé: ìdílé kan kì í fẹnu kan òkété, àwọn tí wọ́n jọ pín ògiri sì ń fi òkété gbígbẹ se ọbẹ̀ àlejò, kò sì sí ẹni tó pe ẹnì kejì rẹ̀ ní ẹni ibi. Èèwọ̀ a tún máa yí bí ayé bá ṣe ń yí. Àwọn ará Oǹdó fúnra wọn ló ń sọ ọ́ pé ìbejì ni Púpùpú, obìnrin tó kọ́kọ́ jọba lé wọn lórí, àti pé ìbí ìbejì, tó jẹ́ ohun ìríra láyé ìgbà náà, ló sọ ọ́ di èrò ọ̀nà. Ilẹ̀ Yorùbá yìí kan náà ni a ti ń ki ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn lónìí, tó bẹ́ sílé alákìísà, tó sọ alákìísà di onígba aṣọ. Bí ó bá jẹ́ èèwọ̀ ni ọmọ yín ń sọ, mo gbè é lẹ́yìn. Inú àpò kan náà ni mo kó yẹtí àti ṣòkòtò obìnrin sí, èyí tí àwọn ìjọ kan fi lé ènìyàn síta nígbà kan. Mo ti wá ẹni tí yẹtí ṣẹ̀ títí, n kò rí i.

Èkejì ni ẹ̀ṣẹ̀, inú ọ̀rọ̀ náà 'ṣẹ̀' ni a sì ti mú un jáde. Ẹni tó bá sọ pé 'mo ṣẹ̀' kò tíì sọ̀rọ̀ tán lójú àgbà. Wọn yóò bi í pé, 'Ta lo ṣẹ̀?' Ènìyàn lè jẹ èèwọ̀ nínú iyàrá tó tì mọ́ra, kó sì mọ sí i lára, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ní ẹni tí a ṣẹ̀, ẹni náà kì í sì í dúró de ìpinnu àwùjọ kó tó mọ̀ pé ó dun òun.

Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń tú Bíbélì sí èdè wa, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n lò, Crowther fúnra rẹ̀ sì mọ ohun tó ń jẹ́ kí á ṣẹ ènìyàn. Ní ọdún 1821, nígbà tí ogun kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀, wọ́n sọ okùn mọ́ ọmọdékùnrin yìí lọ́rùn pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ra ẹrú kò ṣe ohun tí aládùúgbò rẹ̀ yóò fi wò ó ní àwòjù; ọlá ni níní wọn, òwò ni títà wọn. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ yín bá tọ̀nà, a jẹ́ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan ní Òṣogùn lọ́jọ́ náà, àfi ìgbà tí àwọn tí a bí lẹ́yìn ọ̀la bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ bi ẹni tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀.

Kí a má sì rò pé ẹ̀sìn la ojú gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ìjọ ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ ṣì ń ní ẹrú àti ìwọ̀fà. Nígbà tí àlùfáà James Johnson, tí wọ́n ń pè ní Holy Johnson, tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n fi àwọn ẹrú náà sílẹ̀, ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé e kúrò nílùú ní 1880. Àwọn tó bá a jà yìí kì í pa ìsìn jẹ o.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ilé yín. Ẹ kò dárúkọ ìjọ yín, n kò sì ní bi yín, ṣùgbọ́n bí ó bá tọ ọ̀nà tí àwọn Áńgílíkà tọ̀, èsì 'nígbà wo' wà lákọsílẹ̀. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn pàdé ní Lambeth ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì pinnu pé kí wọ́n má ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ, kó máa kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ títí yóò fi lè gba òfin Kristi. Ní 1988, ìpàdé kan náà ní kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, àti fún àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tó gbàgbọ́, bí ó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn níwọ̀n ìgbà tí èyíkéyìí nínú wọn bá wà láàyè, bí ìjọ àdúgbò bá sì fọwọ́ sí i. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ló wà láàárín méjèèjì. Àwọn ará Èkó kan kò tilẹ̀ dúró dè é: United Native African Church tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1891 àti African Church tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901 ti ṣílẹ̀kùn fún irú bàbá àgbà yín.

Ọmọ yín yóò rẹ́rìn-ín bí ó bá ka èyí, yóò ní òun kúkú ti wí. Kó rọra. Gbólóhùn kan wà nínú ìpinnu 1988 tí mo fẹ́ kó kà lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi ipá mú ọkùnrin náà lé èyíkéyìí nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ, nítorí ìyà tí yóò jẹ obìnrin náà láwùjọ. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, ìdúró ọkùnrin níwájú òfin ni wọ́n gbé yẹ̀ wò; ti àwọn ìyàwó kò ju bóyá àwọn náà lè ṣe ìrìbọmi lọ. Obìnrin tó ru àpótí, tó pọn ọmọ, tó fi ìkòkò aró sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, kò sí nínú ìwé náà.

Èrò tèmi nìyí, bí àlùfáà yín kò bá tilẹ̀ fara mọ́ ọn: ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé yín ní ọdún náà, ìyá aláró ni wọ́n sì ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ìgbà náà, bí gbogbo ìjọ tilẹ̀ ń kọ orin ìyìn lọ́jọ́ ìrìbọmi bàbá. N kò sọ pé bàbá kò ṣẹ ìyálé nígbà tí wọ́n mú ìyàwó kejì wọlé; ẹni tó bá ní orogún kì í dun ìyálé kò gbé ilé olórogún rí. Ṣùgbọ́n gbèsè tí bàbá jẹ ìyálé, kí ló dé tó fi jẹ́ ìyàwó ni wọ́n ní kó san án?

Oníwàásù kan lè fi Sáàmù 51 ta kò mí, níbi tí Dáfídì ti sọ fún Ọlọ́run pé, 'Ìwọ, ìwọ nìkan ṣoṣo ni mo ṣẹ̀ sí.' Mo mọ ẹsẹ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dáfídì ọba gba aya ẹlòmíràn, tó sì ní kí wọ́n pa ọkọ rẹ̀, kí ni wòlíì Nátánì bá wọlé tọ̀ ọ́? Kò fi òfin bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tálákà kan ló sọ, tó ní ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tó ń jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀, tó ń mu nínú ago rẹ̀, tó ń sùn láyà rẹ̀, tí ọlọ́rọ̀ kan gbà, tó sì fi ṣe àlejò. Inú ọba ru kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Àwọn àáfà wa náà ń kọ́ni pé ẹ̀tọ́ Ọlọ́run yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ ẹ̀dá, àti pé ìrònúpìwàdà ẹni tó jẹ ẹ̀tọ́ ẹ̀dá kò tíì pé bí kò bá dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Níbi kan, ọmọ yín borí mi: àwùjọ ló ń la ojú wa, òun náà ló sì ń dì í. Mo mọ ilé kan tí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú wá láti ọ̀nà Kútọnu ti ń bá ọmọ ilé gbé báàgì dé ẹnu géètì ilé ìwé láràárọ̀, tí yóò sì yí padà lọ fọ abọ́. Ọjọ́ orí àwọn méjèèjì kò fi ọdún kan jura lọ. Kò sí ẹni tó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀ lójú pópó yẹn, èmi náà sì ti ń kí wọn ní 'ẹ káàárọ̀' fún ọdún mélòó kan láì béèrè ohunkóhun.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín, Ìyá Akọrin. Ẹ sọ ohun tí ìjọ wí, ẹ sọ ohun tí bàbá ṣe, ẹ sì sọ ohun tí ọmọ yín ń wí lónìí, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ohun tí ìyá aláró wí lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, tàbí ibi tí wọ́n gbé ẹrù náà sọ̀ sí. Bí ẹnìkan bá ṣì wà lọ́hùn-ún tó lè sọ ọ́, ẹ mú ọmọ yín dání lọ béèrè.